Ibi tí Ọmọ Olùkọ́ ti Ń Kàwé

Ní ọdún kẹta tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi Olúkáyọ̀dé ránṣẹ́ láti Botswana pé kí n bá òun wá ilé ẹ̀kọ́ íńtánáṣọ́nà tí àwọn ọmọ òun méjèèjì yóò máa gbé. Ẹńjíníà ojú títì ni. Bí iṣẹ́ bá ti parí ní ìlú kan, wọ́n á kó lọ sí òmíràn. Praise àti Ayọ̀mípọ̀sí, àbúrò rẹ̀, kì í pẹ́ ní kíláàsì kan débi tí wọn yóò fi mọ orúkọ ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ó fẹ́ kí wọ́n wá fìdí kalẹ̀ ní Èkìtì. Ó ní èmi ni mo ráyè jù nínú ilé.

Òótọ́ ni ó sọ. Mo ti gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ parí, mo sì wà nílé láti ìgbà náà. Ìjọba tí ó ní òun kò ní àyè fún olùkọ́ tuntun ni ó ni ilé ìwé girama tí mo ti jáde ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí kò ti sí ẹni tí ń kọ́ wọn ní kẹ́mísírì. Ìjọba kan náà ni. N kì í pariwo nípa rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn fún ẹni tó bá bi mí léèrè ohun tí mò ń ṣe nílé.

Bàbá mi, Ebenezer Fámúyìwá, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì tí wọ́n jẹ́ olùkọ́, “Tísà” ni ó ń pè wọ́n, àní nídìí oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ẹńjíníà kò gba orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Èmi, Motọ́lání lásán ni mí.

Nígbà tí mo ń múra àtijáde, ó ní kí n má wulẹ̀ wo pátákó ẹnu ọ̀nà.

“Dúró di ìgbà tí wọ́n bá jáde,” ni ó wí. “Wo ibi tí ọmọ àwọn olùkọ́ wọn ti ń bọ̀.”

Bí òun náà ṣe ń yẹ ilé ìwé wò nìyẹn nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ kan wà lójú ọ̀nà Adó tí a ti ń rí òkè Olóṣùnta láti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Florence, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ti rí àwòrán rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà, ó sì ti yàn án lọ́kàn. Màdáámù Ọmọ́tọ́ṣọ́ tó ni ín mú mi káàkiri pẹ̀lú ọ̀yàyà. Mo rí àsíá orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, mo rí adágún ìwẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ tí omi kò tíì wọ̀. Nígbà tí a dé yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹsẹ̀ mi dúró. Ó dára ju ti yunifásítì tí mo ti ka kẹ́mísírì, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

“Kò tíì lólùkọ́,” ni Màdáámù wí. “Bí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ bá wọlé ní sáà tó ń bọ̀, kí ìwọ náà bá wọn wọlé.”

Mo fi ọwọ́ kan tábìlì náà. Ó wù mí gidigidi. Mo dúpẹ́, mo ní n óò fún wọn lésì, mo sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà títí aago fi lù.

Stephen, tí a jọ ṣe agùnbánirọ̀ ní Òkè Ọya, tí ó ti bímọ kí ó tó wọ yunifásítì, ń kọ́ni níbẹ̀. Ó yọ̀ mọ́ mi. Ó ní ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ olùkọ́ níbẹ̀. Kò tíì dákẹ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ fi sọdá títì wá, aṣọ ilé ìwé ìjọba ni ó wọ̀. Ọmọ olùkọ́ kejì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta, aṣọ kan náà. Mo wo ojú Stephen.

Ó rẹ́rìn-ín. “Motọ́lání, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe se ọbẹ̀ kì í bù ú fún ọmọ rẹ̀.”

Ó wá rọra ṣàlàyé pé olùkọ́ kì í lò ju sáà kan lọ níbẹ̀, àti pé máàkì ọmọ tí òbí rẹ̀ bá wà lókè òkun, Màdáámù fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ohùn mi kò yí padà. Mo kí ọmọ rẹ̀, mo bi í léèrè orúkọ olùkọ́ rẹ̀. Ó dárúkọ rẹ̀ kíákíá, tayọ̀tayọ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìṣẹ́ láti wo ilé ẹ̀kọ́ íńtánáṣọ́nà mìíràn. Ọ̀dà ti ń bó lára pátákó ilé ẹ̀kọ́ Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá, ọmọ Gánà méjì péré ni ó sì sọ ọ́ di íńtánáṣọ́nà. Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọbìnrin kan ń gé koríko nítorí pé ó pẹ́ dé. Ó kí Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá ní “Sà” bí àwọn yòókù, lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé òun ló bí i. Àwọn ọmọ olùkọ́ yòókù wà lórí ìlà kan náà, nínú aṣọ kan náà. Mo béèrè bóyá wọ́n ń wá olùkọ́ kẹ́mísírì. Ó ní àwọn ti ní, ọmọ olùkọ́ náà sì wà ní kíláàsì tó ń kọ́. Èsì náà dùn mí, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní ilé tẹlifóònù, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, títí kan iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ mí. Florence gba fóònù, ó béèrè adágún ìwẹ̀.

“Adágún wà, ìyàwó wa,” ni mo wí. “Omi ni kò sí.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á padà. “Ìwọ ńkọ́ wàyí, Motọ́lání?”

“Àwọn ọmọ ni a ń wá ilé ẹ̀kọ́ fún, bọ̀ọ̀dá mi.”

Ó ní kí n gba ti Ìṣẹ́.

Màmá mi ti gúnyán nígbà tí mo délé. Mo sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ. Bàbá mi fọwọ́, ó sún àwo ọbẹ̀ sí àárín.

“Tísà, sún mọ́ ibí,” ni ó wí. “Ọbẹ̀ ń tutù.”

Màmá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Tísà ulé-ùwé wo?”

“Èyí tí ìjọba kò tíì kọ́,” ni bàbá mi dá a lóhùn.

Inú ṣì ń bí mi sí ìjọba. Ṣùgbọ́n iyán náà kúná, Praise àti Ayọ̀mípọ̀sí sì ń bọ̀ kí sáà tó wọlé. Mo fọwọ́, mo bu òkèlè.