Iná Ilé Ìdáná

Làmídì, ọ̀rẹ́ mi, àlá tí mo lá lóru àná kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. O mọ iná tí Bọ́lá ọmọ mi ní kí wọ́n ṣe sí ilé ìdáná, kí a má baà máa fi iná ṣòfò: bí ènìyàn bá wọlé, á tàn fúnra rẹ̀, bí kò bá sí ẹni tó ń mira, á kú.

Lójú àlá, ìyá Bọ́lá tó ti kú jókòó lábẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo mọ̀ pé bó bá ti ṣíwọ́, iná yóò kú, n kò sì ní rí i mọ́. Ni mo bá ń da èyí tó ti ṣà padà sínú ẹ̀wà olókùúta tí kò tíì ṣà.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í wọ ilé ìdáná! Ẹ jẹ́ kí n gbé e kaná, ebi ń pa yín."

Ó gbé ọwọ́ lé itan. Iná kú. Mo ju ọwọ́, mo fò sókè. Kò tàn fún mi.

Láàárọ̀ yìí mo wọlé síbẹ̀, ó tàn. Mo dúró láìmira títí ó fi kú, mò ń retí ohun tí n kò mọ̀. Nígbà tó yá, ebi pa mí. Mo bu ẹ̀wà sínú atẹ, iná sì tàn.