Ìdọ̀bálẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìdáná

Àdúrà oúnjẹ ti dé ìdajì kí Kálífìn tó wọlé. Ọ̀sán Kérésìmesì ni. Ọyẹ́ ń fẹ́ eruku gba abẹ́ fèrèsé wọlé, ó ń kù ú sórí àwọn abọ́ bí ìyẹ̀fun. Bàbá rẹ̀ àgbà dúró níbi orí tábìlì, ó dijú, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè àwọn abọ́ òfìfo. Bàbá náà ti kú láti ọdún mẹ́tàlélógójì. Erùpẹ̀ sàréè wà léjìká kóòtù rẹ̀. Ìyá àgbà jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, òun náà ti kú, ó fi ìka kan lé agogo kékeré tó fi ń pe àwọn ará ilé ìdáná.

Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé Kálífìn dé. Àga rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwé orin méjì wà lórí àga náà, bí wọ́n ṣe máa ń tò wọ́n fún un nígbà tó wà lọ́mọdé, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó oúnjẹ. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kó ìwé náà kúrò.

Òyìnbó ni wọ́n. Bàbá àgbà ló kọ́ ilé náà nígbà tó wá ṣe iṣẹ́ mísọ́nnì ní Òkè-Ìgbín, yàrá ẹ̀yìn ibẹ̀ ni wọ́n sì bí Kálífìn sí. Ó gbọ́ Yorùbá kó tó gbọ́ èdè tiwọn, nítorí ẹ̀yìn àwọn obìnrin ilé ìdáná ló ti dàgbà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n mú un lọ sí Amẹ́ríkà, kò sì padà wá mọ́. Ohun tó gbé e padà lọ́tẹ̀ yìí ni pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin kan.

Ìwé kékeré kan wà lápò àyà rẹ̀. Ní ìjọ rẹ̀ lọ́hùn-ún, Ọjọ́rú mẹ́fà ni òun àti àwọn òyìnbó bíi tirẹ̀ fi jókòó kọ́ bí onígbàgbọ́ aláwọ̀ funfun ṣe lè dúró ti ẹni dúdú tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Gbogbo ohun tí olùkọ́ sọ ló kọ sínú ìwé náà. Ìwé náà ń sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò le, ó dà bíi ti ẹni tó ń ka ìfilọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí Kálífìn má ṣíwájú. Ó ní kó máa tẹ́tí. Ó ní kó má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Díákónì Ọlárìnóyè, Yorùbá kan ṣoṣo tó wà nínú ìjọ náà, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Kálífìn dán an wò, díákónì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìdọ̀bálẹ̀ náà dà bíi ti ẹni tó ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun kan tí kò fi ẹ̀rín sọ.

“Àgbà ló ń ní kéèyàn dìde. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ dìde, kò kí ẹnikẹ́ni.”

Kálífìn kọ ìyẹn náà sínú ìwé.

Agogo dún. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí, Bàbá Ìbídùn sì yọ pẹ̀lú àwo ọbẹ̀ gbígbóná lọ́wọ́. Òun ni kúùkù ilé náà, Kúùkù náà ni àwọn òyìnbó sì ń pè é. Òun pẹ̀lú ti kú. Ó wọ aṣọ funfun tó fi ń gbé oúnjẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lásán, nítorí ìyá àgbà kì í jẹ́ kí ará ilé ìdáná wọ bàtà dé orí kápẹ́ẹ̀tì òun.

Kálífìn rí i, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó fi àyà kanlẹ̀, ó fi iwájú orí kanlẹ̀. Bí díákónì bá wà níbẹ̀, kò ní rẹ́rìn-ín.

Àárín ẹnu ọ̀nà ló dọ̀bálẹ̀ sí.

Bàbá Ìbídùn dúró. Àwo náà ń jó o lọ́wọ́. Ó wo ilẹ̀, ó wo tábìlì, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ré Kálífìn kọjá, ó gbé tòsì tẹ̀ lé e. Ọbẹ̀ ta sí Kálífìn lọ́rùn, awọ ibẹ̀ sì bó. Kálífìn kò mira. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ìyà yìí tọ́ sí òun, ìrora náà sì dùn mọ́ ọn díẹ̀.

Níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ẹsẹ̀ nìkan ló lè rí. Ó rí bàtà bàbá àgbà, tí wọ́n fi sin ín. Ó rí ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rin, wọ́n di mẹ́jọ, lẹ́yìn náà wọn kò ṣeé kà mọ́, nítorí tábìlì ń gùn sí i. Ó yí orí sí òdì kejì. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé ìdáná ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ó sì rí ẹsẹ̀ obìnrin kan lórí àtẹ̀gùn níta, eruku bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọdé kan rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí obìnrin náà. Ó ń nà, ó ń ká, ó ń gbọ̀n.

Kálífìn mọ ẹsẹ̀ náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ti kọjá. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà. Ó yọ́ wọ ilé ìdáná láti lọ wo kéèkì Kérésìmesì, ó sì bá Ìyá Ìbídùn lórí àtẹ̀gùn, tó pọn ọmọ rẹ̀ obìnrin. Gìrì ń mú Ìbídùn láti òwúrọ̀. Ilé ìwòsàn jìnnà tó máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mọ́tò kan ṣoṣo tó sì wà ní Òkè-Ìgbín ni ti bàbá àgbà, lábẹ́ igi máńgòrò. Ṣùgbọ́n ilé náà ní òfin. Ará ilé ìdáná kì í bá àwọn tó wà nídìí tábìlì sọ̀rọ̀, àfi tí wọ́n bá bi í léèrè. Ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀, yóò dúró di ìgbà tí wọ́n bá fọ abọ́ tán. Kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ já lu àdúrà bàbá àgbà, àfi Kálífìn. Òun nìkan ló lè fa kóòtù rẹ̀ láàárín àdúrà, tí bàbá náà yóò lajú, tí yóò sì rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ìbídùn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ ọdún méje, ó ní kó bá àwọn sọ fún bàbá rẹ̀ àgbà. Kálífìn fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Ìbídùn, ó gbóná bíi kẹ́túlù. Ó ní òun á sọ ọ́. Ó wọlé, ó jókòó lórí ìwé orin méjì. Wọ́n gbé kéèkì dé. Kò sọ ọ́. Abọ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fọ̀ wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú.

“Másítà kékeré,” ni obìnrin náà wí láti orí àtẹ̀gùn, “ṣé ẹ ti bá wa sọ ọ́?”

Kò pariwo. Ó béèrè bí ẹni tó ń béèrè bóyá omi ti hó.

Kálífìn fẹ́ dáhùn. Ìwé tó wà lábẹ́ àyà rẹ̀ ní kó máa tẹ́tí. Ó tẹ́tí. Ohun tó gbọ́ ni bàbá àgbà, tó ń gbàdúrà fún àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ náà. Ó ń bẹ Ọlọ́run kó wo ọmọ wọn sàn. Ó dárúkọ ibà. Ó dárúkọ ìgbóná. Ó dárúkọ gìrì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n nítorí àánú.

Agogo dún lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá Ìbídùn tún ré Kálífìn kọjá, ó lọ gbé tòlótòló. Kó tó padà, àárín ilé ìdáná àti yàrá ìjẹun ti gùn tó ìrìn àárọ̀ dé oko. Òógùn ti mu ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Ó dúró níbi orí Kálífìn.

“Ojú ọ̀nà lẹ dùbúlẹ̀ sí, másítà kékeré.”

“Ẹ dárí jì mí, bàbá,” ni Kálífìn wí, ẹnu rẹ̀ wà nínú kápẹ́ẹ̀tì. “Ẹ ní kí n dìde.”

“Èmi kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀.”

Ó ré e kọjá. Ìyá àgbà béèrè ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Ìbídùn ní másítà kékeré ni, ó ń tọrọ àforíjì. Ìyá àgbà ní ọmọ náà ti lójú àánú láti kékeré, ó sì tún ṣíbí abọ́ rẹ̀ tò.

Kálífìn ro ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá dìde, ìṣísẹ̀ méje ni dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà. Yóò fa kóòtù rẹ̀. Yóò ní kí wọ́n gbé mọ́tò jáde. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣì ń gbọ̀n, àyè ṣì wà. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì ní kó dìde. Bí ó bá fúnra rẹ̀ dìde, kò kí ẹnikẹ́ni, gbogbo ọ̀nà tó rìn wá sì di asán. Bí ó bá sọ̀rọ̀, òyìnbó ló tún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni dúdú yẹn. Ìwé náà ní ó káre. Ó bá túbọ̀ na ara rẹ̀ gbọọrọ. Ó sunkún díẹ̀, ó sì ṣọ́ra kí ẹkún náà má pariwo, kó má baà di pé òun ni wọ́n ń wò.

“Másítà kékeré, ṣé ẹ ti sọ ọ́?”

Lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Ìbídùn kò béèrè mọ́.

Agogo dún lẹ́ẹ̀kẹta. Kéèkì ló kù. Bàbá Ìbídùn gbé e bọ̀, òórùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé. Ojú rẹ̀ kò sí nílẹ̀, ojú rẹ̀ wà lẹ́yìn, lọ́dọ̀ àtẹ̀gùn. Lọ́tẹ̀ yìí kò ré Kálífìn kọjá. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń gba orí pákó kọjá lórí odò. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le. Kò wúwo rárá.

Ẹsẹ̀ ọmọ tó wà níta nà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ká díẹ̀. Ó rọ̀.

Bàbá àgbà ní àmín. Gbogbo tábìlì ní àmín. Bàbá Ìbídùn náà ní àmín, pẹ̀lú kéèkì lọ́wọ́, nítorí wọ́n máa ń wò ó bóyá ó ṣe é.

Ìyá Ìbídùn wọlé. Kò tíì sí obìnrin ilé ìdáná kankan tó gba ẹnu ọ̀nà yẹn rí. Eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn lórí kápẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ibi orí Kálífìn. Ọ̀já ṣì wà láyà rẹ̀, ó so ó pinpin, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú. Kò pè é ní másítà.

“Dìde,” ó wí. “A ti ṣe tán.”

Kálífìn dìde. Orúnkún rẹ̀ kò dùn ún. Ó rìn ìṣísẹ̀ méje, tábìlì ga ju orí rẹ̀ lọ, wọ́n gbé e jókòó sórí ìwé orin méjì. Ìyá àgbà so aṣọ funfun mọ́ ọn lọ́rùn, níbi tí ọbẹ̀ ti jó o. Wọ́n gé kéèkì fún un. Ó ṣì gbóná. Ó jẹ ẹ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ kékeré mìíràn ń kan orúnkún rẹ̀, ó tutù. Ó sún orúnkún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí wọ́n gé sí i fún òun.