Ẹ́ńjìnnì Bàbá Wa

Láti ìgbà tí Bàbá wa ti kú, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ni katakata rẹ̀ ti dúró sábẹ́ igi máńgòrò ní Agbówà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dípẹtà, ó gan, kò yí mọ́. Nígbà tí Àǹtí Sèlíátù, ẹ̀gbọ́n wa, fẹ́ fi kọ ilẹ̀ ẹ̀gẹ́, ó ránṣẹ́ pe èmi àti Qamardeen, àbúrò mi tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Benson.

Èmi àti Qamardeen kì í bára wa sọ̀rọ̀. Níbi àdúrà ogójì ọjọ́ Bàbá ló ti fi mí bú lójú àwọn ààfáà pé, ẹni tó sá kúrò nílé-ìwé ní kíláàsì kẹrin, kí ló mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì? Èmi tí mo ti wà lórí katakata yìí pẹ̀lú Bàbá nígbà tí òun ṣì ń ka ABD!

"Ẹ jẹ́ ká yọ ẹ́ńjìnnì yìí dà nù, Àǹtí," ni Qamardeen wí. "Mo ní tòkunbọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù. Mo tún máa kùn ún ní ọ̀dà pupa, á máa dán bí ọkọ ìyàwó."

"Ẹ sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì Bàbá ò kúrò níbẹ̀," lèmi náà sọ fún Àǹtí.

"Ṣé èmi ni fóònù yín ni?" Àǹtí jágbe. "Sànúsí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fún ọ. Bí kò bá ṣiṣẹ́, Qamardeen á gbé tiẹ̀ sí i. Òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Mo da dísù àti ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì náà, mo jẹ́ kó rin. Bàbá kì í fi òòlù lu irin tó gan. Á ní irin náà ń bínú ni. Láràárọ̀ ni mo ń ti Ẹ̀pẹ́ wá fi sípánà dán an wò. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, ó yí díẹ̀, bí arúgbó tó yíra padà lórí ẹní. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, Qamardeen gbé tòkunbọ̀ rẹ̀ dé. Mo ṣíná sí ti Bàbá. Ó ń yí, kò dún. Afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù dísù. Ẹni méjì ló sì ń lé e jáde: ọ̀kan á máa tẹ pọ́ǹpù, ìkejì á tú nọ́ọ̀tì títí dísù ò fi ní hó mọ́. Àǹtí wà lórí ìrun. Qamardeen fẹ̀yìn ti ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wò mí.

"Qamardeen, tẹ pọ́ǹpù."

Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó wá tẹ̀ ẹ́. Kò dìgbà tí mo sọ kó tó mọ ibi tó yẹ kó dúró; àwa méjèèjì la jọ máa ń ṣe é fún Bàbá tẹ́lẹ̀.

Mo ṣíná. Ó húkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó sì dún. Ìró yẹn! Nígbà tí Bàbá wà láyé, tí a bá ti gbọ́ ọ lójú ọ̀nà nírọ̀lẹ́, Ìyá wa á gbé omi ìwẹ̀ Bàbá síta. Àǹtí sáré jáde, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Qamardeen nu dísù ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Bọ̀dá, ẹ pa á, dísù máa tán."

"Wá pa á fúnra rẹ."

Ó gòkè wá. Ó gbọ́wọ́ lé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kò pa á.