Páàdì Mi àti Katapílà Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbẹ̀ ná: kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan páàdì mi. Irun ni mo ń dì jẹun, géèmù ni mo fi ń sinmi, páàdì tí mo sì fi ń ta géèmù yẹn, aṣọ ni mo máa ń wé e sí. Ẹ̀rọ géèmù fúnra rẹ̀ wà ní pálọ̀ lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó bá wù kó tàn án. Ṣùgbọ́n páàdì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin já wọ yàrá wa tòun ti iyẹ̀pẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ẹní kan la jọ dàgbà, "ìwọ" la jọ ń pera wa.

"Fóòmánù ti gbà!" ó ní. "Ó ti gbà, àbúrò mi!"

"Ó gba kí ni?"

"Katapílà! Awakọ̀ wọn ń lọ. Ó ní kí n wá gun un lọ́jọ́ Ẹtì. Tí mo bá ṣe é dáadáa, èmi ni mo ni iṣẹ́ náà. Tí mo bá bà á jẹ́, kí n gba ọ̀dọ̀ ṣọ́bìrì mi lọ, kí n má sì yọ òun lẹ́nu mọ́."

Mo figbe ta. Ẹ ò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Láti ìgbà tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ṣọ́bìrì ló ń fà. Ìyá Ṣọ́bìrì ni wọ́n ń pè é, ọmọ tó bí ò sì tíì sí. Tó bá délé, katapílà ló máa sọ, tó bá sùn, katapílà ni yóò fi ṣàlá.

"Rọra, jàre!" Ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu. "Bàbá wà ní pálọ̀."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Katapílà ni Bàbá wa wà títí ẹ̀yìn wọn fi kọ iṣẹ́. Ní báyìí, wọn ò lè jókòó wo bọ́ọ̀lù àfi lórí tìmùtìmù aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí ìjókòó ẹ̀rọ nígbà náà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fìdí kàn án. Wọ́n ti búra pé ọmọ táwọn bí kò ní jókòó sórí ẹ̀rọ yẹn láéláé. Ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n kọ́ òun. Wọ́n fárígá pé ó tì.

Awakọ̀ tó ń lọ yẹn ṣàánú rẹ̀, ó fún un ní ètò kan tí wọ́n fi ń kọ́ wíwa katapílà lórí kọ̀mpútà. A gbé e sórí kọ̀mpútà tí mo fi ń fi irun han àwọn oníbàárà mi. Háà, ojú wa rí nǹkan! Lórí kíbọ́ọ̀dù, lẹ́tà kan ń gbé apá ẹ̀rọ sókè, òmíràn ń sọ ọ́ kalẹ̀, òmíràn ń yí i, òmíràn ń ṣí garawa eléyín tó fi ń gbẹ́lẹ̀. Ìka ẹ̀gbọ́n mi lọ́ mọ́ra. Dípò kó bu iyẹ̀pẹ̀, ó fi garawa fọ́ ọkọ̀ tó yẹ kó bù ú sí.

"Katapílà gidi ò rí báyìí," ó ní, omijé ti ń lé ròrò lójú rẹ̀. "Ọ̀pá méjì ni. Ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Kí n mú un, kí n máa darí ẹ̀, ó parí."

Mo wojú rẹ̀. Ọ̀pá méjì. Ọwọ́ méjì. Mo fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí èèrà bù jẹ. Kí ló wà lórí páàdì mi bí kò ṣe ọ̀pá kékeré méjì!

Èmi fúnra mi ni mo tú aṣọ kúrò lára rẹ̀, ẹ bá mi gbọ́. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́, mo ki orí kejì bọ kọ̀mpútà. Iná páàdì tàn, a sì pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ti ọ̀pá síwájú. Katapílà ò mira. Ó fà á sẹ́yìn. Ó dúró gbagidi. Mo pa kọ̀mpútà, mo tún un tàn, mo gbá a lẹ́yìn, mo bú u. Àṣé kọ̀mpútà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wáyà tí mo fi ń gbaná sí fóònù ni mo mú, iná nìkan ni irú rẹ̀ ń gbé. Páàdì ń jẹun níbẹ̀ ni, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

"Ó yá, láìsí wáyà," ni mo wí, mo sì tẹ bọ́tìnnì àárín.

Láti pálọ̀, ohùn Bàbá dún: "Ta ló gbé bọ́ọ̀lù mi lọ?"

Mo gbé! Páàdì mi ò mọ kọ̀mpútà rí, ẹ̀rọ géèmù pálọ̀ nìkan ló mọ̀. Bí mo ṣe tẹ bọ́tìnnì, òun ló jí, ó sì gba tẹlifíṣọ̀n mọ́ Bàbá lọ́wọ́. Mo sáré lọ, mo kúnlẹ̀, mo dá bọ́ọ̀lù padà. Mo padà dé yàrá, ìwàǹwára ò jẹ́ kí n ronú, mo tún tẹ nǹkan kan náà.

"Yéè! Pẹ̀nárítì! Wọ́n fẹ́ gba pẹ̀nárítì!"

Lẹ́yìn ìyẹn la gbọ́ tí àga dún. Tí ẹ bá gbọ́ tí àga Bàbá wa dún láìjẹ́ pé wọ́n pè wá ká wá fà wọ́n dìde, ẹ yáa wábi gbà.

"Pa á!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Dúró!" Mo ti rántí. Tí ọ̀rẹ́ mi bá gbé páàdì tirẹ̀ wá, mo máa ń tẹ bọ́tìnnì àárín pọ̀ mọ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mi ò ní fi í sílẹ̀ àfi tí iná bá ń ṣẹ́jú wìràwìrà, kó lè gba ẹ̀rọ tuntun. Mo tẹ̀ ẹ́. Iná ṣẹ́jú. Orúkọ páàdì yọ lójú kọ̀mpútà, mo mú un, mo yára pín iṣẹ́ fún ọ̀pá méjèèjì. Bí katapílà ṣe bú ramúramù báyìí ni Bàbá ṣílẹ̀kùn.

Wọn ò wò wá. Ojú kọ̀mpútà ni wọ́n ń wò.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ tòun ti páàdì lọ́wọ́. "Bàbá, lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ dán mi wò. Iṣẹ́ yín ni mo fẹ́ ṣe."

"Mo ti parí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé yìí."

"Mo gbọ́, sà. Mo ṣì fẹ́ ẹ."

Bàbá kọ̀yìn sí wa, wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dìde tẹ̀ lé wọn, ó ṣèèṣì ti ọ̀pá, garawa sì lọ lu ọkọ̀ gbàà. Bàbá yí padà wìì.

"Má fipá tì í! Ta sì ló ní kí ọwọ́ òsì máa gbé apá sókè?"

Mo nawọ́. Èmi ni mo tò ó bẹ́ẹ̀. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù mi, òsì ló ń rìn, mo bá fún un níṣẹ́ tó tóbi jù.

"Ṣé bọ́ọ̀lù lo fẹ́ fi katapílà gbá ni? Ọ̀tún ló ń gbé apá. Òsì ló ń yí ara ẹ̀rọ. Tún un ṣe."

Mo tún un tò wéréwéré. Bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gba páàdì. Ohun tí wọ́n ṣe sí i, ara mi bù máṣọ! Wọn ò fi àtàǹpàkò tì í bí ọmọlúàbí. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n fi ìka mú orí ọ̀pá méjèèjì bí ìgbà téèyàn bá mú iyọ̀.

"Bàbá, wọn kì í mú páàdì báyẹn!"

"Dákẹ́, ìwọ onírun."

Garawa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó bu iyẹ̀pẹ̀, ó yí, ó dà á sínú ọkọ̀, eruku lásán ò sì sọ. Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Bàbá ò sọ pé àwọn gbà. Wọ́n kàn ní, "Mú un bí mo ṣe mú un," wọ́n sì ń kọ́ ọ lójoojúmọ́ títí di Ọjọ́bọ̀. Mo béèrè bóyá wọ́n máa tẹ̀ lé wa lọ. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ò ní débẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́. Kòtò ẹ̀gbẹ́ páìpù omi ni fóòmánù ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́. "Tí o bá fọ́ páìpù, gbogbo wa la máa wẹ̀ lónìí," ó ní. Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ṣọ́bìrì, ṣé ká lọ mú ọṣẹ wá?"

Ó fi ìka mú ọ̀pá bí ẹni mú iyọ̀. Garawa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo ti fẹ́ hó yèè, ni ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kọ̀mpútà ò gbọ̀n wá rí! Ìjókòó ń gbé e jù sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń bá a fò, eyín garawa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko páìpù.

"Ó tó," fóòmánù kígbe. "Sọ̀ kalẹ̀."

"Má sọ̀ kalẹ̀!"

Gbogbo wa wẹ̀yìn. Bàbá wa ni, wọ́n rọra ń bọ̀, ọwọ́ kan nídìí, tìmùtìmù lábíyá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín, Bàbá?" fóòmánù bi wọ́n.

"Èmi ni mo wa irú ẹ̀ títí ẹ̀yìn mi fi lọ. Ìjókòó ló ń gbọ̀n ọ́n, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀. Ọmọ mi ló wà lókè yẹn." Wọ́n na tìmùtìmù sí i. "Gbé e sídìí. Jókòó dáadáa."

Fóòmánù sún sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á, ó tẹ́ ẹ, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, kòtò yẹn lọ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù dé òpin, ẹ̀kán omi kan ò jáde. Àwọn tó ń wá ọṣẹ ló kọ́kọ́ hó. Fóòmánù ní kó tètè dé lọ́jọ́ Ajé, kó sì fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ nílé. Mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, mo sún mọ́ Bàbá. "Ẹ ti gbé tìmùtìmù sílẹ̀. Kí lẹ máa wá fi jókòó wo bọ́ọ̀lù?"

Wọn ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Garawa ni wọ́n ń wò.

"Bọ́ọ̀lù wo?" ni wọ́n wí.