Kọ́kọ́rọ́ Ọrùn Ọ̀gá

Nínú yàrá ìránṣọ yẹn, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ohun tó o bá ń rán ni wọ́n á fi máa pè ọ́. Ẹni tó ń rán àpò ni Alápò, ẹni tó ń kan bọ́tìnnì ni Oníbọ́tìnnì, ẹni tó ń so apá mọ́ aṣọ ni Alápá. Ìyá àgbà tó ń rán kọ́là ọrùn aṣọ, tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kun ògiri, ni Màmá Kọ́là. Ọ̀gá tó ń darí wọn náà ní tirẹ̀ bí kò bá sí nítòsí: Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é, torí ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́.

Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́, wàá dìde, wàá lọ dúró níwájú rẹ̀, wàá ṣàlàyé. Tí inú rẹ̀ bá dùn, á bọ́ kọ́kọ́rọ́ fún ọ. Tí kò bá dùn, á ní kó o padà sídìí ẹ̀rọ, ṣebí o ti lọ láàárọ̀.

Alápá wá lóyún. Ikùn rẹ̀ ti yọ débi pé ó ń fara kan ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé mímú tó ń mú ìtọ̀ mọ́ra ti kó àìsàn bá a, pé bí kò bá jáwọ́, ọmọ lè wá kí oṣù rẹ̀ tó pé. Alápá gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ọ̀gá lọ. Ọ̀gá ní òun kọ́ lòun fún un lóyún, pé bó bá tún fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìgbàṣẹ, kó kúkú máa lọ sílé.

Màmá Kọ́là ló mú Alápá wá síbi iṣẹ́ náà. Ó ti fọkàn ìyá rẹ̀ balẹ̀ pé ojú òun á máa wà lára rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó pe àwọn yòókù jọ nídìí oúnjẹ.

“Ẹ jẹ́ ká dọ́gbọ́n sí i,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá nìyí: bí ọ̀gá bá ti yà sí yàrá ìlọṣọ, Alápá á gba ẹ̀yìnkùlé yọ́ lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹni tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀. Alápò á jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, á máa bá a rán apá, kí iṣẹ́ má bàa dúró.

Ó sì ṣiṣẹ́, títí ọ̀gá fi mú aṣọ kan, tó na apá rẹ̀ sókè, tó fọwọ́ tẹ abíyá rẹ̀.

“Ta ló rán èyí?”

Wọ́n gbàgbé pé ọwọ́ àpò yàtọ̀ sọ́wọ́ apá. Àpò ń gbé ẹrù, torí náà Alápò kì í dé igun kó má rán an lọ rán an bọ̀. Ó ti rán abíyá bíi pé ẹnì kan fẹ́ kó owó síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ le gbagidi.

“Alápá, ìkẹyìn rẹ nìyẹn,” ọ̀gá sọ. “Tó o bá tún jáde, má padà wọlé.”

Nígbà tí wọ́n jókòó ìsinmi lọ́jọ́ kejì, Alápò ò lè gbójú sókè.

“Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò,” ó ní, “pé òfin ò gbà kí wọ́n máa fi irú nǹkan báyìí dun òṣìṣẹ́. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni.”

Oníbọ́tìnnì rẹ́rìn-ín. “Rédíò ọ̀hún á wá bá wa ṣílẹ̀kùn bí?”

“Àwa la máa ṣí i,” Màmá Kọ́là sọ. “Ohun tó bà á jẹ́ ni pé a fara pamọ́. Kí ni Alápá jí? Bó bá ti dìde, kí gbogbo wa dìde. Ní gbangba.”

“Tí wọ́n bá lé wa ńkọ́, Màmá?” Oníbọ́tìnnì bi í. Kò tíì pẹ́ tó dé, ọmọ rẹ̀ sì wà nílé ìwé.

“Mi ò ní fi dandan mú ẹ, ọmọ mi.”

Nígbà tí wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń rán, ọkọ̀ tó fẹ́ kó o sì ti dé ẹnu ọ̀nà. Alápá dìde.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.”

“Jókòó.”

Màmá Kọ́là gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. “Ó ń gbọ̀n èmi náà.”

“Èmi náà,” Alápò sọ, ó ti nàró.

Àwọn tó kù ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ń dákẹ́ tẹ̀lé wọn.

“Ṣé gbogbo yín lẹ lóyún ni?”

“Ọ̀gá, èmi tí mo ti ń tọ́ ọmọ-ọmọ?” Màmá Kọ́là dáhùn, yàrá sì bú sẹ́rìn-ín.

“Màmá, ẹ̀yin àgbàlagbà, ẹ̀yin lẹ ń kó wọn ṣìnà. Mo lè lé gbogbo yín lónìí.”

“Ẹ lè lé wa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ tó wà nílẹ̀ yìí ò tíì ní kọ́là.”

“Kò tíì ní bọ́tìnnì náà,” ohùn kan sọ. Oníbọ́tìnnì ni. Òun náà ti wá dìde.

Awakọ̀ fọn fèrè níta. Ọ̀gá wo ẹnu ọ̀nà, ó wo òkìtì aṣọ, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó nà án sí Màmá Kọ́là.

Màmá ò gbà á. “Tí mo bá gbà á, ọ̀la lẹ máa tún bèèrè rẹ̀. Ẹ fi há ẹnu ilẹ̀kùn, ọ̀gá, kó máa gbé ibẹ̀.”

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ rìn lọ, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀, ó yí i. Alápá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọlé, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

“Ó ti tán,” ọ̀gá sọ. “Ṣé ẹ lè máa ránṣọ báyìí?”

“Ẹ jẹ́ kó jáde ná,” Màmá Kọ́là dáhùn. “Èmi ló kàn.”

Kò sì purọ́. Látàárọ̀ ni gbogbo wọn ti ń mú ìtọ̀ mọ́ra. Wọ́n tò sẹ́nu ilẹ̀kùn, Oníbọ́tìnnì ló kẹ́yìn, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Àwọn obìnrin yàrá ìlọṣọ yọrí lójú fèrèsé láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

“Ẹ máa bọ̀,” Alápò pè wọ́n. “Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.”