Aṣọ Àwọn Ọlọ̀tẹ̀

Yétúndé fa ẹ̀wù kan yọ nínú àpò ńlá kan, ó fi agbára ju ú sílẹ̀, ó tún fa òmíràn. Bọ́tìnnì idẹ. Ìlà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣòkòtò. Kọ́là líle tó lè gé èèyàn lọ́rùn. Yúnifọ́ọ̀mù òkìríkà tí Enoch, olùdarí eré, lọ rà ní Mazamaza láì sọ fún ẹnikẹ́ni! Èrò ti ń wọlé sínú gbọ̀ngàn ní Festac, àwọn òṣèré sì ti ń di bọ́tìnnì. Àwọn aṣọ tí òun fi ọwọ́ ara òun rán fún eré náà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹnì kan tiẹ̀ ti tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

“Àǹtí Yétúndé, ẹ má bínú,” ni Enoch wí. “Tiyín dà bí aṣọ tí èèyàn ń wọ̀ sùn. Wọ́n máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni.”

Sùn kọ́, hanrun ni. Àbí kí ni wọ́n pe eré yìí? Eré àwọn sámúráì ni, àwọn onídà ilẹ̀ Jàpáànù tó ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba wọn láyé ọjọ́un. Ìjọba ló kó yúnifọ́ọ̀mù òyìnbó wọ ọmọ ogun rẹ̀ lọ́rùn. Aṣọ ilé làwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ̀ lọ sójú ogun: ẹ̀wù òwú alápá gbọ̀rọ̀ tí wọ́n fi okùn gbá apá rẹ̀ sẹ́yìn kí ọwọ́ lè ráyè ju idà, ṣòkòtò fífẹ̀ bíi kẹ̀ǹbẹ̀, aṣọ funfun tí wọ́n so mọ́ iwájú orí, bàtà koríko. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tí bọ́tìnnì bá wà níhìn-ín, tí bọ́tìnnì wà lọ́hùn-ún, báwo lèèyàn ṣe máa mọ ẹni tó ń bá ẹnì kan jà?

Ṣùgbọ́n ohun tó ń ká a lára ju ìyẹn lọ. Aṣọ ìyá rẹ̀ ló gé. Aṣọ ẹlú tí wọ́n pín kàn án lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ ló fi rán ẹ̀wù àwọn ọlọ̀tẹ̀. Èyí tó dúdú jù lọ nínú wọn, tí ìyá náà ti yà sọ́tọ̀ pé kí wọ́n fi sin òun, ló fi rán ti Fáṣínà, tó ń ṣe olórí ọlọ̀tẹ̀. Wọn ò fi sin ín. Bọ́lárìnwá, ẹ̀gbọ́n Yétúndé tó ń gbé ní Alákijà, ló lọ ra gáùn funfun àti ìbọ̀wọ́, wọ́n wá ṣe òkú bí ìyàwó òyìnbó. Láti ọjọ́ yẹn, tipátipá ni Yétúndé fi ń kí i. Ó pè é wá wo eré yìí kí ojú rẹ̀ lè rí i, kó sì dùn ún wọ egungun. Tí yúnifọ́ọ̀mù Enoch bá wá gorí ìtàgé, a jẹ́ pé lásán ló gé aṣọ màámi.

Ó bá Fáṣínà níbi tó ti ń di kọ́là.

“Bọ́ ọ,” ó ní.

Fáṣínà wo Enoch. Yétúndé ní kí ẹnikẹ́ni má wo Enoch, pé tí wọn ò bá wọ aṣọ òun, òun á lọ jókòó sáàárín ìtàgé, kí àwọn wá wo ẹni tó máa ṣeré. Enoch mọ̀ pé kò ṣàwàdà. Ó pòṣé, ó ní ó dáa, kí àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ ẹlú, kí àwọn ọmọ ogun ìjọba wọ bọ́tìnnì. Ohun tó yẹ kó ti ṣe tipẹ́ nìyẹn, oníjàgídíjàgan! Yétúndé fi okùn gbá apá ẹ̀wù Fáṣínà sẹ́yìn. Aṣọ náà ṣì ń rùn káfúrà.

Eré ti bẹ̀rẹ̀ kí Bọ́lárìnwá tó wá jókòó ti Yétúndé láàárín èrò. Nígbà tí Fáṣínà jáde, obìnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Àwọn oníbọ́tìnnì yìnbọn, olórí ọlọ̀tẹ̀ ṣubú, ẹlú náà sì tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

“Aṣọ màámi nìyẹn,” ni Bọ́lárìnwá wí.

Ó ti pẹ́ tí Yétúndé ti ń dúró de gbólóhùn yẹn. “Òun ni. Èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìsìnkú wọn. Èyí tí ẹ fi gáùn yín rọ́pò.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí i. Ojú rẹ̀ ò jọ ti ẹni tí ọwọ́ tẹ̀.

“Wọ́n yà á sọ́tọ̀? Ta ni wọ́n sọ ọ́ fún?”

Yétúndé la ẹnu. Nínú yàrá ni màámi ti sọ ọ́, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń ká aṣọ. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí gáùn dé, ìta ló jáde lọ láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ń retí kí ẹnì kan rántí ẹlú náà.

Àtẹ́wọ́ ti gba gbogbo gbọ̀ngàn. Bọ́lárìnwá ò pàtẹ́wọ́. Ó ṣì ń wo ẹnu Yétúndé.