Àwọn Màlúù Tó Kọjú sí Igun Pápá

"Ẹ ṣáà máa kó wọn bọ̀! Koríko tèmi yìí, gbogbo màlúù Maryland ò lè jẹ ẹ́ tán!"

Bí Ọlájídé ṣe ń fọ́nnu nìyẹn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní New Carrollton, lóṣù kẹsàn-án. Láàárín ọ̀sẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe ní Beltsville. Tó bá di Sátidé, ó di olóko màlúù lórí ogún éékà tó háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko Jesse, àgbàlagbà àgbẹ̀ Amẹ́ríkà kan. Àwọn ará ìjọ gbọ́, wọ́n ra màlúù, wọ́n sì kó wọn wá fún un sìn lóòótọ́: ẹnìkan ọ̀kan, ẹnìkan méjì.

"Màlúù mélòó ló wà níbí báyìí?" Jesse bi í.

"Wọ́n pọ̀, bàbá."

"Mélòó ló ń jẹ́ 'wọ́n pọ̀'?"

Ọlájídé rẹ́rìn-ín. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ l'Ọ́yọ̀ọ́, èèwọ̀ ni kéèyàn máa na ìka sí ohun ẹlẹ́mìí kó máa kà á. Bó o bá kà á, o ti júwe ẹ̀ fún ikú nìyẹn.

Jesse mi orí. "Ó dáa. Ṣáà má ṣí pápá ẹ̀yìn. Jẹ́ kí koríko ibẹ̀ máa ga títí di ìgbà òtútù. Òun ni wọ́n máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí dóṣù kẹta."

Oṣù kẹwàá ni Ọlájídé ṣí i.

Láàárọ̀ Sátidé kan lóṣù kìíní, òun àti Túndùn ìyàwó rẹ̀ dé oko. Ìkùukùu bolẹ̀. Gbogbo màlúù dúró gbagidi, wọ́n kọjú sí igun kan ṣoṣo. Wọn ò ké. Ìrù kan ò mì. Èémí wọn nìkan ló ń rú bí èéfín. Ọlájídé wo igun náà: igi mélòó kan, ìkùukùu, ó tán. Ó pàtẹ́wọ́, etí kan ò yí. Ó pe abo pupa tó lóyún, èyí tó máa ń sáré pàdé rẹ̀. Abo náà wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì padà kọjú sí igun. Egungun ìhà rẹ̀ ti yọ. Òmíràn ti dùbúlẹ̀, kò lè dìde.

Bí màlúù ìjọ bá kú sí i lọ́wọ́, ojú wo ló máa fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì?

"Èyí kì í ṣe ojú lásán," ni Túndùn wí. Ó ti fa fóònù yọ.

Kò pẹ́ tí Alàgbà Mobáyọ̀, olórí ẹgbẹ́ aládùúrà, fi kó èèyàn mẹ́fà dé pẹ̀lú ìgò òróró. Ó nawọ́ sí igun náà. "Ìwọ ohun tó wà níbẹ̀ yẹn, fara hàn!"

Ìkùukùu mì. Nǹkan kan kùn láàárín igi. Gbogbo màlúù gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ mì tìtì, wọ́n rọ́ lọ síbẹ̀.

"Jésù!" Mobáyọ̀ tó pè é náà ló kọ́kọ́ wọ mọ́tò, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù síta.

Katakata ló yọ, Jesse ló ń wà á. Ó ti ìdì koríko gbígbẹ ńlá kan kọjá wáyà tó pààlà oko méjèèjì. Èyí tó dùbúlẹ̀ ta gìdì, ó dìde.

"Ó ti dìde o! Halelúyà!" Mobáyọ̀ pariwo láti inú mọ́tò.

Jesse na ìka, ó ń kà wọ́n sókè. Ọlájídé di etí. "Méjìdínlọ́gbọ̀n. Mẹ́wàá nilẹ̀ yìí lè bọ́."

Mobáyọ̀ rọra ṣí fèrèsé. "Ẹ bá mi bi í, kí ni wọ́n ń rí ní igun yẹn?"

"Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni mo ti ń fún màlúù tèmi ní koríko láràárọ̀," ni Jesse wí. "Ebi ń pa wọ́n."